Atẹdùùrù àti Ìbọ̀sẹ̀ Funfun

Ọkùnrin kan wà, Alága, tó ń fi ẹsẹ̀ kọrin.

Má rẹ́rìn-ín. O ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, inú mi sì dùn débi pé kò sí ẹni tó kọjá níwájú ilé mi láti ìgbà náà tí mi ò sọ fún pé èmi ni mo kọ́ ọ ní á-bí-dí. Ṣùgbọ́n tíṣà rẹ ṣì ni mí. Jókòó dáadáa kí o gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ìtàn náà ni mo fẹ́ gbà dé ibẹ̀.

Atẹdùùrù ni ọkùnrin náà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ìlú tí koko ti ń ṣe dáadáa. Dùùrù tó ń tẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé há abíyá. Dùùrù onífèrè ni, ó ga kan àjà. Koko ni àwọn bàbá ìlú náà tà tí wọ́n fi rà á, ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé e wá láti òkè òkun. Ọwọ́ nìkan kò tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn igi gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ibẹ̀ sì ni ohùn tó rinlẹ̀ jù lọ ti ń jáde, ohùn tí èèyàn máa ń gbọ́ nínú àyà kó tó fi etí gbọ́ ọ.

Ibi ẹsẹ̀ yìí ni iyì ọkùnrin náà wà. Bó bá ti jókòó, a bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a máa fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan tẹ àwọn igi náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa lọ, a máa bọ̀, wéréwéré, bí ọwọ́ onídìrí. Àwọn àlejò a máa dìde lórí ìjókòó kí wọ́n lè rí i. Ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i, èmi ò sì dá a lẹ́bi.

Nítorí náà kò fi ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ṣeré. Ó gbọ́dọ̀ dúdú, kó fẹ́lẹ́, kó sì máa dán. Náílọ́ọ̀nù ni gbogbo rẹ̀. Bó bá lọ rà á, a gbé e sókè sí oòrùn, bó bá ti ń kọ mànà, ó ti parí. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kó lè di ojúgun mú pinpin, kó má baà wọ́ sílẹ̀ nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́. Bó bá bọ́ ọ, ojú ibi tí rọ́bà náà dì a ti jin wọnú ẹran ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Kì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní ohun èlò iṣẹ́ òun ni.

Òótọ́ ló sọ, ohun èlò iṣẹ́ ni. Àmọ́ ojú ló fi ń yan ohun tó jẹ́ pé awọ ara ni yóò bá a gbé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó yá, àtọ̀gbẹ mú un. Ó ń lo oògùn, ó dín iyán kù, ó fi ṣúgà sílẹ̀ pátápátá. Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Ní ọjọ́ kan ó rìn láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kó tó mọ̀ pé sálúbàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ òun lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó padà lọ mú un, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nídìí dùùrù, ẹsẹ̀ tí kò nílò ojú tẹ́lẹ̀ wá ń nílò ojú. Atẹdùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba kó lè máa wo ibi tí òun ń tẹ̀. Àwọn ará ìjọ rí i, wọ́n ní, “Ẹ wo bí atẹdùùrù wa ṣe ń gbàdúrà nídìí dùùrù. Ó ti di ẹni ẹ̀mí.” Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi í jẹ oyè nínú ìjọ nítorí ìrẹ̀lẹ̀ yìí.

Ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sinmi títí tó fi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ dúdú náà, ó fi ìyẹ́ adìyẹ pa á látẹ́lẹsẹ̀.

“Ẹ sọ fún mi bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, Bàbá.”

“Bẹ̀rẹ̀ ná.”

“Mo ti ṣe é tán, sà.”

Atẹdùùrù tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nọ́ọ̀sì náà kò jáyà, kò sì dẹ́rù bà á. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ní, “Ẹsẹ̀ yín ò lè ké mọ́ bí nǹkan bá ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa wá bá a ké. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ju àwọn ìbọ̀sẹ̀ yìí nù. Náílọ́ọ̀nù kì í mu òógùn, ńṣe ló ń sé e mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rin nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ti irun àgùntàn dára fún ibi òtútù, ó máa gbóná jù fún yín níbí. Òwú ni kẹ́ ẹ rà, òwú máa ń mu òógùn. Rọ́bà díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ kó lè fà, kó má ti pọ̀ jù. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ fi ìka wá ojú rírán tó wà níwájú. Bó bá le, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ tó ń fi ojú okùn sílẹ̀ ní ojúgun yín, ó ti fún jù, kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Funfun ni kẹ́ ẹ rà o.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni atẹdùùrù ń mi orí sí, àfi èyí tó gbẹ̀yìn.

“Funfun kẹ̀?”

“Funfun, Bàbá. Bí ibì kan bá bó tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀. Dúdú á bò ó mọ́lẹ̀.”

“Nọ́ọ̀sì,” ni ó wí, “ṣé ẹ fẹ́ tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì ni?”

O mọ ohun tó ń sọ. Ní ìlú tiwọn, bíi tiwa náà, bí onígbàgbọ́ bá kú tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sí gbangba kí àwọn èèyàn wá wò ó, wọn a wọ ìbọ̀wọ́ funfun sí i lọ́wọ́, wọn a wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé náà ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́, òkú ni. Ọkùnrin yìí ti tẹ dùùrù níbi ìsìnkú tí kò lóǹkà. Ojú rẹ̀ ti rí ìbọ̀sẹ̀ funfun tó pọ̀ ju ti gbogbo ìlú lọ, kò sì sí ìkankan nínú àwọn ẹsẹ̀ náà tó ń mira.

Ìyàwó rẹ̀ ra ìbọ̀sẹ̀ òwú funfun náà, ó fọ̀ ọ́, ó ká a sínú àpótí aṣọ. Atẹdùùrù ṣí àpótí náà, ó wò ó, ó sì pa á dé. Ó wọ náílọ́ọ̀nù dúdú rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Láìpẹ́ sí i, ìṣó kékeré kan yọ orí nínú bàtà rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti fò sókè. Òun rìn lórí rẹ̀ lọ sí ìsìn, ó rìn lórí rẹ̀ bọ̀ wá sílé, ó sì ń fi ohùn kékeré kọrin lọ. Ojú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ náà tutù, ṣùgbọ́n dúdú ni, kò sì yàtọ̀ lójú. Bó bá ń fọ̀ ọ́, aró dúdú rẹ̀ ló máa ń ṣí sínú omi, omi náà kì í mọ́ rí tẹ́lẹ̀. Ta ló sì máa ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ sókè láti wò ó? Ikùn àgbà ò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Òórùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó wá ń pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ akọrin ń kó imú sókè. Ẹnì kan ní eku ti kú sínú dùùrù. Gbogbo wọn gbà á bẹ́ẹ̀ kíá. Wọ́n tú pátákó ẹ̀yìn dùùrù tí àwọn bàbá wọn fi koko rà, wọ́n tan iná tọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀, wọ́n fi igi tú gbogbo kọ̀rọ̀ wò. Atẹdùùrù fúnra rẹ̀ ló ń darí wọn. “Ẹ wo apá ọ̀hún! Ẹ wo abẹ́ fèrè ńlá yẹn!” Bó bá sì ti sún mọ́ wọn láti fi ọwọ́ hàn wọ́n, òórùn náà a le sí i, wọn a ní, “Áà, a ti ń dé ibẹ̀!”

Àwọn kan nínú wọn ti fura. Ojú wọn ti kan ara wọn, wọ́n ti gbé e kúrò. Èèyàn ńlá ni, èèyàn rere ni, gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rùn? Wọ́n pa pátákó náà padà, wọ́n wọ́n lọ́fínńdà sí i, wọ́n ní kí àwọn máa bá ìdánrawò lọ.

Obìnrin kan wà láàárín wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ tàwọn obìnrin ló ń kọ, ohun tí wọ́n ń pè ní álìtò, nítorí náà Ìyá Álìtò ni gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n sí. Kò mọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ohùn ẹnì kan bá yà, òun ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́, atẹdùùrù kò sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe tọ́.

“Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe eku o. Ẹsẹ̀ yín ni.”



“Ẹsẹ̀ ta ni?”

“Ẹsẹ̀ yín, sà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ti ń rùn bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn wò.”

 Ẹsẹ̀ tí àwọn àlejò ń dìde wò! Ó wo àwọn akọrin yòókù, bóyá ẹnì kan á bá òun dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń wo ìwé orin ọwọ́ rẹ̀. Ó na ìka sí ilẹ̀kùn.

“Jáde. Mi ò fẹ́ rí ọ nínú ẹgbẹ́ akọrin yìí mọ́.”

Ìyá Álìtò gbé ìwé orin rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún atẹdùùrù pé ẹnu obìnrin náà ti gbó jù, pé ó dára bó ṣe lé e.

Inú ń bí i délé. Ó jókòó sórí àga lójú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ó sì ké pe ìyàwó rẹ̀ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun. Ó bọ́ bàtà. Ó fa ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kò tẹ̀ lé e, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀, títí tí náílọ́ọ̀nù dúdú náà fi ṣí kúrò lára ẹran. Àwọn méjèèjì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò dùn ún. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nìyẹn. Ó rí ihò nínú ẹsẹ̀ tó ń fi jẹun, ó sì dà bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan kò ṣeé gbà là mọ́, àwọn máa gé e. Ó ní àwọn á gbìyànjú lórí ìyókù. Ó ní bí wọ́n bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ sí i, ojúgun ni àwọn ì bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Atẹdùùrù kò béèrè bóyá òun yóò kú. Ó béèrè bóyá òun yóò tún tẹ igi dùùrù. Dókítà ní, “Ó kù sọ́wọ́ yín, Bàbá. Ẹsẹ̀ yìí ò tún lè gba irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ó pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Àwọn akọrin ń wá kí i, wọ́n ń gbé ọsàn wá, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àwọn nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ronú pé àwọn wọ̀nyí gbóòórùn ẹsẹ̀ òun, wọ́n fẹ́ràn òun, wọ́n sì jẹ́ kó máa rà lọ.

Nígbà tí ojú egbò jinná, kó tó padà sídìí dùùrù, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ ṣí àpótí aṣọ. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ òwú funfun náà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fi ìka wá ojú rírán bí nọ́ọ̀sì ti wí. Ó rọ̀. Ó yí inú rẹ̀ síta kó tó wọ̀ ọ́, kí ojú rírán wà níta, kó má baà ha awọ tuntun náà. Ó wọ̀ ọ́, ó dúró, ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá, ó ní òun ń lọ sí ilé Ìyá Álìtò.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn rán àlùfáà, tàbí kí àwọn àgbà ìjọ méjì lọ bá a bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, o mọ̀ ọ́n. Àgbà kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ẹni tó kéré sí i. Ó ní rárá. Ó ní ẹnu òun ni òun fi lé e, ẹnu òun náà ni òun yóò fi pè é padà.

Ó bá obìnrin náà níwájú ilé, tó ń ṣa ìrẹsì. Ó ṣí fìlà.

“Mo wá bẹ̀ ọ́. O sọ òótọ́ fún mi, mo lé ọ jáde.”

Obìnrin náà fò dìde, ìrẹsì dà sílẹ̀. “Háà, Ọ̀gá, ẹ dé fìlà yín. Kí lẹ ń ṣí fìlà sí? Ẹ wá jókòó.” Bó ti ń fi aṣọ nu àga fún un, ojú rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀. “Ẹ ò rí i bí ẹsẹ̀ yín ṣe mọ́ tónítóní! Òwú ni àbí?”

“Òwú ni.”

“Òun ló yẹ yín.”

“Mo fẹ́ kí o padà wá. Ìjókòó rẹ àtijọ́ kọ́ ni mo fẹ́ kí o jókòó sí o. Ọwọ́ ọ̀tún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ni mo fẹ́ kí o wà, níbi tí wàá ti máa rí ẹsẹ̀ mi. Mi ò lè máa wo ìwé orin kí n tún máa wo ìbọ̀sẹ̀. Bí o bá rí ohunkóhun, má ṣe dúró de ìgbà tí orin bá parí.”

Ó gbà. Nítorí obìnrin kan, wọ́n yí gbogbo ìtò ẹgbẹ́ akọrin padà. Àwọn kan kùn. Atẹdùùrù ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ jókòó sí ẹ̀yìn.

Ọjọ́ tó padà sídìí dùùrù, ọjọ́ ìkórè ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Gbogbo èèyàn ń wo ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà wọlé, Alága, ó bọ́ bàtà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gan-an, ó mú un dání, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ funfun gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá láti òpin dé òpin. Kò yára. Ó ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà lókè. Ìyá arúgbó kan ní ìlà iwájú kò lè pa á mọ́ra.

“Ìbọ̀sẹ̀ òkú kọ́ nìyẹn?”

Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín sí i. “Mà á tẹ dùùrù fún yín báyìí, Ìyá. Bí ẹ bá ti rí òkú tó ń ṣe é rí, ẹ sọ fún mi.”

Ẹ̀rín bo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí ojú ń tì fún un tẹ́lẹ̀ gan-an pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò yá tó ti tẹ́lẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ igi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ohùn ńlá náà gba ilẹ̀ wọ ara àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ nu omijé nù. Ìlú náà ti gba tirẹ̀ padà. Bí wọ́n ti ń kọrin, wọ́n ń na àyà síwájú.

Wọ́n dé àárín orin àkànṣe, ibi tó ga jù, tí gbogbo ohùn pàdé. Ìyá Álìtò rí i pé nǹkan pupa kan yọ sójú ìbọ̀sẹ̀ funfun náà, kò ju orí ìka lọ. Kò dúró de ìparí ẹsẹ orin. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Atẹdùùrù rí ọwọ́ náà. O ní láti mọ irú èèyàn tí à ń sọ. Ọkùnrin tí òrùlé ti jò lé lórí rí nídìí dùùrù yìí kan náà tí kò dúró ni. Gbogbo àlejò ńlá ìlú wà níbẹ̀. Ìlú ẹ̀gbẹ́ wọn, tí wọ́n jọ ń figa gbága lórí ọ̀rọ̀ orin, wà níbẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ parí, kò sí ẹni tó máa mọ̀, wọn á sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kúrò lórí dùùrù.

Dùùrù dákẹ́ láàárín orin. Àwọn akọrin wo ara wọn. Ìyá Álìtò ló kọ́kọ́ bá orin náà lọ láìsí dùùrù, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹn, àwọn yòókù gbè é, ìjọ gbè é, orin náà sì gòkè dé ibi tó ń lọ. Ọkùnrin náà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àga, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn, tó wà láàárín ìjọ lọ́jọ́ náà, wá bá a, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà lójú gbogbo ayé. Awọ tuntun ló bó díẹ̀. Ó nù ún, ó dì í. Kò pẹ́ tó fi jinná.

Ẹsẹ̀ náà wà lára rẹ̀ títí dòní. Ó ṣì ń tẹ dùùrù. Bí àwọn ará ìlú náà bá ń fi í yangàn fún àlejò, wọn kì í sọ nípa bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, “Atẹdùùrù tiwa dúró láàárín orin.” Wọ́n á sì máa sọ ọ́ bíi pé àwọn ni wọ́n ṣe é. Orí èmi náà wú nígbà tí mo gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ará ibẹ̀.

Ó dára. Ìtàn parí, ó wá kan ìwọ.

O gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí iwájú iléèwé, kò tíì pé oṣù mélòó kan tí o gorí àga. Kò sí alága tó ṣe irú rẹ̀ rí kí o tó dé. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń dúró wò ó, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àná, ọmọbìnrin Kàfíńtà dìde, ó ní omi náà ti ń pọ́n, ó ní inú ń run àwọn ọmọ iléèwé. O ní kó jókòó. Nígbà tí kò jókòó, o ní kó má wá sí ìpàdé mọ́. Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́ fún ọ, ẹnì kan ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni, inú rẹ sì dùn sí wọn. Mo rí ojú rẹ.

Mi ò sọ pé omi náà kò dára. Mi ò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀, torí inú ike dúdú ni wọ́n ń fà á sí. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọ fẹ́ràn rẹ, mo gbà. Wọ́n ń dán, wọ́n sì di ojúgun rẹ mú pinpin. Ọmọbìnrin yẹn kò ṣe ọ́ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí o bá fà á sún mọ́ ara, gbogbo àbàwọ́n rẹ ni yóò máa hàn lára rẹ̀, ojú yóò sì máa tì ọ́ láwùjọ. Mo ní kí o fà á mọ́ra bẹ́ẹ̀.

Orí mi ti wú nítorí rẹ, Alága. Mo fẹ́ kó tún wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dìde báyìí, ilé Kàfíńtà kò jìnnà. Má rán ẹnikẹ́ni. Ṣí fìlà rẹ, bẹ ọmọ náà, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ rìn lọ sídìí kànga rẹ lójú gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Bí o bá ń lọ, mú ife funfun dání.